Ìwé-Àṣẹ Asẹ́

Òkè-Sọ́pẹ́n, Ìjẹ̀bú-Igbó, aago méjì òru.
Jẹnẹrétọ̀ ilé Ṣódípẹ̀ ti kú, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
bátìrì mi ku ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo ń ka àwọn ẹ̀rọ tí iṣẹ́ ọwọ́ mi wà lórí wọn:
orúkọ kan, kọ́kọ́rọ́ kan,
ogójì kọ̀ǹpútà ní Àgọ́-Ìwòyè.

Ogójì! Ẹnì kan ló sanwó.
Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dénú.

Iṣẹ́ wo ni? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá mi.
Ẹni tó ń kọ kóòdù, ẹ̀rọ ló ń bá sọ̀rọ̀.
A kì í sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ:
kò ní inú tí yóò ti di odidi.
Àmì kékeré kan ṣìnà, odidi ṣọ́ọ̀bù á dákú.
Èmi ṣe ohun tó ń gba ọ̀rọ̀ náà kó tó dójà,
tó ń mú kókó tí kò kúnná kúrò nínú rẹ̀.
Ìyá mi ní, "Asẹ́ nìyẹn."
Orúkọ tó ń jẹ́ dòní nìyẹn.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi hun ún.
Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ onígíláàsì ni mo ṣe é fún.
Adánìkanṣiṣẹ́ ni mo ní lọ́kàn:
ọmọ tó ń kọ kóòdù lórí bẹ́ẹ̀dì ní Ìmọ̀pé,
abiyamọ tó ń fi ẹsẹ̀ kan mi ọmọ sùn l'Ọ́dọ̀gbolú,
ọlọ́dẹ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde
tó ń fi iná géètì báńkì kọ́ṣẹ́ lóru.

Mo dá iye lé e: ẹgbẹ̀rún márùn-ún lóṣù.
Wọ́n ní ó wọ́n.
Mo já a sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.
Wọ́n ní ohun tó pọ́ọ́kú báyìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ayédèrú.
Mo ní kí wọ́n fi ọgbọ̀n ọjọ́ tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́;
wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n yí orúkọ padà, wọ́n tún tọ́ ọ wò.
Ọkùnrin kan pè mí, ó ná mi bí ẹni ń ná ewúrẹ́ ọdún,
nígbà tó yá ó ní, "Ìjẹ̀bú ṣáà ni yín,
mo mọ̀ pé ẹ ò ní í yọ kọ́bọ̀."
Mo yọ igba náírà. Kó lè dákẹ́ ni.

Lóru yìí, ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì
tí yóò pa kọ́kọ́rọ́ náà.
Ogójì ẹ̀rọ á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.
Ìṣó kan ló sọ sí mi lọ́kàn,
ìṣó ara ògiri ẹ̀yìnkùlé wa l'Átìkòrí,
níbi tí a ti ń yan gàrí,
tí asẹ́ ìyá mi máa ń rọ̀ sí.
Ẹnikẹ́ni lè yá a. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí.
Òfin ẹyọ kan: má dá a padà lófìfo.
Ẹ̀kúnwọ́ gàrí kan kó bá a wálé.
Ẹlòmíràn á mú un wá ní gbígbẹ,
ìyá mi á gbọn ọ́n lójú rẹ̀, á wolẹ̀,
á gbé e kọ́ padà, kò ní í wí nǹkan.
Ó lè yá a lẹ́ẹ̀kejì.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, "Asẹ́ ti lọ sóde."

Mo pa ìwé-àṣẹ àtijọ́ rẹ́, ojú-ewé mẹ́rìnlá
tí mo wò kọ lára ti òyìnbó,
tí èmi gan-an kò kà tán rí.
Mo kọ òmíràn lédè tí mo fi ń lálàá:
*Yá a. Fi ṣiṣẹ́.
Ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ bá tà, rántí ìṣó.*
Bátìrì kú kí n tó ka a lẹ́ẹ̀kejì.

Ó di oṣù kẹrin.
Mẹ́tàlélógún nínú ogójì kò tíì mí fín-ín.
Àwọn mélòó kan ní ọjọ́ ń bọ̀.
Ìrọ̀lẹ́ Jímọ́, owó Adétutù Odùsànyà wọlé:
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, àti náírà mẹ́tàdínlógún.
Mo bi í, mẹ́tàdínlógún ti kí ni?
Ó ní, "Èyí tó há sójú asẹ́ ni."